Fífi Ímeèlì Ara Ẹni Sínú Sọ́fítíwíà Ìṣòwò: Ohun Tó Yẹ Kí Oníṣòwò Ìlá Ọ̀ràngún Mọ̀

Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà tí àwọn oníṣòwò fi ń ṣírò owó, tí ilé ìwé fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó tó wọlé, tí ilé oògùn fi ń ka ọjà tó kù lórí pẹpẹ, ló ní ààyè tí wọ́n ti ń fi àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì sí. Tí àdírẹ́ẹ̀sì bá ti jókòó dáadáa níbẹ̀, sọ́fítíwíà náà á máa fi ínfọ́ìsì, rìsíìtì àti ìránnilétí gbèsè ránṣẹ́ sí oníbàárà lórúkọ ẹni tó ni iṣẹ́, èsì tí oníbàárà bá sì kọ á padà wá bá ẹni náà. Tí kò bá jókòó dáadáa, ìwé á máa há sójú ọ̀nà, tàbí kó bọ́ sínú àpótí sípáàmù tí àwọn ènìyàn kì í sábà yẹ̀ wò. Èyí tó burú jù ni pé ẹlòmíràn lè gba ibẹ̀ wọ inú ímeèlì ẹni tó ni iṣẹ́, kó sì máa ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ní Ìlá Ọ̀ràngún àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, títí dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, ímeèlì tí oníṣòwò kékeré sábà máa ń ní ni èyí tó ṣí fún ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Google, Yahoo tàbí Microsoft. Ẹlòmíràn ṣí i nígbà tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, ẹlòmíràn nígbà tó fẹ́ fi orúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà ní Ìlá, Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìlera tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2021 náà sì wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì nílò ẹni tó ń tẹ̀wé, ẹni tó ń ta oògùn, ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá, ẹni tó ń kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá sì ń bá irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tajà gbọ́dọ̀ lè fi ìwé tó mọ́ ránṣẹ́, kó má sì sọnù lọ́nà.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹni tó bá lè fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù lè ṣe é ní ìjókòó kan. Òfin kan ló di gbogbo rẹ̀ mú: kí sọ́fítíwíà gba àṣẹ tó fi máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kó má gba páásíwọ́ọ̀dù ẹni tó ni ímeèlì. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù rọ̀ mọ́ òfin yìí.

Bí lẹ́tà ṣe ń rìn

Ní 1971, Ray Tomlinson, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, fi ìwé ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní ARPANET. Òun ló mú àmì @ wọ inú àdírẹ́ẹ̀sì. Títí di òní, ohun tó wà níwájú àmì náà ni orúkọ ẹni tó ni lẹ́tà, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń bá a tọ́jú lẹ́tà náà. Hotmail, tó padà di Outlook.com, dé ní 1996, Yahoo Mail dé ní 1997, Gmail sì dé ní ọjọ́ 1, oṣù kẹrin, 2004. Àwọn mẹ́ta yìí ló sọ ímeèlì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ní láìsan kọ́bọ̀.

Ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú lẹ́tà ní kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í sùn, èyí tí wọ́n ń pè ní sáfà. Lẹ́tà kì í ti inú sọ́fítíwíà oníṣòwò lọ tààrà sí fóònù oníbàárà. Sọ́fítíwíà á kọ́kọ́ gbé e fún sáfà ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ímeèlì oníṣòwò, sáfà yìí á gbé e fún sáfà tí oníbàárà ń lò, ibẹ̀ ni oníbàárà á ti kà á. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni sọ́fítíwíà gbọ́dọ̀ mọ̀: ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà jáde àti ọ̀nà tó ń gbà wọlé.

SMTP ni orúkọ ìlànà tí lẹ́tà fi ń jáde. Ìwé òfin rẹ̀ tó di ìpìlẹ̀ fún ti òní jáde ní 1982. Méjì ni ìlànà tí lẹ́tà fi ń wọlé. POP, tó dé ní 1984, máa ń kó lẹ́tà láti orí sáfà wá sínú kọ̀ǹpútà kan, ó sì lè pa ẹ̀dà tó wà lórí sáfà rẹ́ lẹ́yìn tó bá kó o tán. IMAP, tí Mark Crispin ṣe ní Yunifásítì Stanford ní 1986, máa ń fi lẹ́tà sílẹ̀ lórí sáfà, kí fóònù, kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù àti kọ̀ǹpútà ilé lè máa rí ohun kan náà.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún ẹni tó ń ṣòwò ní ìlú tí iná mọ̀nàmọ́ná ti ń lọ tó ń bọ̀. Tí iná bá dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù tó sì ba kọ̀ǹpútà jẹ́, tàbí tí olè bá gbé e lọ, ẹni tó lo POP lè pàdánù gbogbo ìwé tó ti bá oníbàárà kọ láti ọdún mélòó kan. Ẹni tó lo IMAP á kàn ra kọ̀ǹpútà mìíràn, á tún fi ímeèlì náà sínú rẹ̀, gbogbo lẹ́tà á sì tún yọjú. IMAP ló yẹ kí oníṣòwò máa mú, àyàfi tó bá ní ìdí pàtàkì tó fi fẹ́ POP.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹni tó ni ímeèlì rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló ni ín lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé ọmọ tó wà ní káfé ló bá wọn ṣí ímeèlì, tó sì fi nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà tí wọ́n máa fi gba àkáǹtì padà. Irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ kò tíì yẹ láti fi ṣòwò. Oníṣòwò gbọ́dọ̀ wọ inú àkáǹtì náà, kó fi nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i, kó tún fi ímeèlì kejì tí ó gbára lé sí i, kó sì yọ nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀ kúrò. Nọ́ńbà tí ẹni náà kò lò mọ́ kò dára níbẹ̀, torí pé ilé iṣẹ́ fóònù lè gbé líìnì tó ti pẹ́ tí wọn kò lò fún ẹlòmíràn.

Ohun kejì ni kí wọ́n tan ìjẹ́rìísí onígbésẹ̀ méjì. Lẹ́yìn tí ẹni tó ń wọlé bá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù tán, àkáǹtì náà á tún béèrè kóòdù tàbí kó ní kí ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni lórí fóònù. Ẹni tó bá jí páásíwọ́ọ̀dù láìní fóònù náà lọ́wọ́ kò ní rọ́nà wọlé. Google kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣe páásíwọ́ọ̀dù áàpù, tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, láìṣe pé ó ti tan ìjẹ́rìísí yìí.

Ohun kẹta ni aago kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́, tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti kú, máa ń gbàgbé ọjọ́ òní nígbàkígbà tí iná bá lọ, á sì padà sí ọdún tó ti kọjá. Sọ́fítíwíà máa ń wo ọjọ́ kó tó gbà pé sáfà tí òun ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ti oníjìbìtì. Tí ọjọ́ kò bá bá ara mu, á kọ̀ láti sopọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi wákàtí wákàtí wá àṣìṣe tó jẹ́ pé aago ló fà á. Bátìrì náà kò wọ́n, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sì lè pààrọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

Ohun kẹrin ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò pọn dandan kó yá púpọ̀. Ínfọ́ìsì kan tó jẹ́ fáìlì PDF kì í sábà wúwo, dátà tó ń jẹ sì kéré. Ohun tó ń jẹ dátà ni kí IMAP máa kó lẹ́tà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wá sórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú Outlook, sọ́fítíwíà Microsoft tí wọ́n fi ń ka lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà, àti ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà mìíràn, ènìyàn lè sọ pé kó kó lẹ́tà oṣù mẹ́ta tàbí ọdún kan péré wá. Ẹni tó ń ra dátà díẹ̀díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú fo ibẹ̀.

Àṣẹ tí kì í ṣe páásíwọ́ọ̀dù

Láyé àtijọ́, ohun tí sọ́fítíwíà máa ń béèrè kò ju méjì lọ: àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ìlànà yẹn ti dópin lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Google dá a dúró fún àkáǹtì ara ẹni ní ọjọ́ 30, oṣù karùn-ún, 2022. Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí í pa á fún àkáǹtì ilé iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ó sì dá a dúró fún àwọn tó ń lo Outlook.com ní oṣù kẹsàn-án, 2024. Ìdí nìyí tí ìtọ́ni tó ti pẹ́, tí ẹlòmíràn kọ sínú ìwé tàbí tí wọ́n kọ́ ọ ní kíláàsì kọ̀ǹpútà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, kì í ṣiṣẹ́ mọ́ bó ti wù kí ènìyàn tẹ̀lé e tó.

Ọ̀nà méjì ló rọ́pò rẹ̀. Èkíní ni OAuth. Sọ́fítíwíà á ṣí ojú ewé Google tàbí Microsoft fúnra rẹ̀, ẹni tó ni ímeèlì á wọlé níbẹ̀, ojú ewé náà á sọ ohun tí sọ́fítíwíà ń béèrè fún, irú bíi kíka lẹ́tà tàbí fífi lẹ́tà ránṣẹ́, ẹni náà á sì tẹ̀ pé òun gbà. Sọ́fítíwíà kò rí páásíwọ́ọ̀dù rárá. Kóòdù àṣẹ ni wọ́n fún un. Outlook ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Gmail, Thunderbird, sọ́fítíwíà ímeèlì mìíràn, ń ṣe bẹ́ẹ̀, Odoo, sọ́fítíwíà ìṣòwò tó ti Belgium wá, náà sì lè ṣe é. Níbikíbi tí ọ̀nà yìí bá wà, òun ni kí oníṣòwò mú.

Èkejì ni páásíwọ́ọ̀dù áàpù. Ó wà fún sọ́fítíwíà tí kò mọ OAuth. Google á ṣe ọ̀rọ̀ oní-lẹ́tà 16 tí kò ní ìtumọ̀ kankan, á sì fi han ẹni tó ni àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n máa tẹ̀ síbi tí sọ́fítíwíà ti ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Yahoo náà ní irú rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ọlọ́jà bá fún ọmọṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tí kò sì fún un ní ti yàrá rẹ̀: ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá lọ, àgádágodo ṣọ́ọ̀bù nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀. Sọ́fítíwíà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní páásíwọ́ọ̀dù áàpù tirẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ tó ń fi ibi tó wà hàn pè é, bíi “kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù Ìlá”, kó lè rọrùn láti mọ èyí tí wọ́n máa parẹ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù Google rẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Google á pa gbogbo páásíwọ́ọ̀dù áàpù tó ti ṣe rẹ́, ó sì máa ní láti ṣe tuntun.

Fífi ímeèlì náà sínú sọ́fítíwíà

Nínú Outlook tó wà lórí kọ̀ǹpútà, File ni wọ́n ń tẹ̀, lẹ́yìn náà Add Account. Nínú sọ́fítíwíà ìṣírò owó, inú Settings ni ó sábà máa ń wà, ní abẹ́ ibi tí wọ́n kọ Email sí. Ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ lè yàtọ̀ láti ọ̀kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń béèrè kì í yàtọ̀ púpọ̀.

Orúkọ ni ó máa ń ṣíwájú. Èyí ni orúkọ tí oníbàárà á rí kó tó ṣí lẹ́tà. Orúkọ iṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni dára jù, kí oníbàárà tó ra epo pupa ní Ìlá tó sì ń gbé ní Èkó lè mọ ẹni tó ń kọ̀wé sí òun lójú ẹsẹ̀. Àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì ló tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lódindi pẹ̀lú @ àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè orúkọ aṣàmúlò, àdírẹ́ẹ̀sì yìí náà lódindi ni wọ́n máa tún tẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni sáfà. Fún Gmail, sáfà tí lẹ́tà ń gbà wọlé ni imap.gmail.com, èyí tí ó ń gbà jáde ni smtp.gmail.com. Fún Yahoo, imap.mail.yahoo.com ni ti ìwọlé, smtp.mail.yahoo.com ni ti ìjáde. Fún Outlook.com, outlook.office365.com ni ti ìwọlé, smtp-mail.outlook.com ni ti ìjáde. Kò sí àlàfo nínú orúkọ wọ̀nyí, lẹ́tà kékeré sì ni gbogbo rẹ̀.

Nọ́ńbà pọ́ọ̀tù ló kàn. Pọ́ọ̀tù ni ẹnu ọ̀nà tí sọ́fítíwíà ń gbà wọ sáfà. 993 ni ti IMAP, pẹ̀lú ààbò tí wọ́n kọ SSL tàbí TLS sí. 995 ni ti POP fún ẹni tó bá yàn án. Fún ìjáde, 587 ni wọ́n sábà ń lò pẹ̀lú STARTTLS. 465 pẹ̀lú SSL náà ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Gmail àti Yahoo. Ààbò yìí ló ń mú kí lẹ́tà di ohun tí ẹni tó wà lójú ọ̀nà kò lè kà, yálà ẹni náà wà lórí Wi-Fi ilé ìtura tàbí ti káfé. Sọ́fítíwíà tó bá ní kí wọ́n lo pọ́ọ̀tù 25 láìsí ààbò kò yẹ láti fi páásíwọ́ọ̀dù lé lọ́wọ́.

Ibi tó gbẹ̀yìn ni ìfẹ̀rílàdí, ìyẹn bí sáfà ṣe máa mọ ẹni tó ń wọlé. Tí OAuth bá wà níbẹ̀, kí wọ́n yàn án. Tí kò bá sí, kí wọ́n tẹ páásíwọ́ọ̀dù áàpù. Lẹ́yìn èyí ni bọ́tìnì ìdánwò, tí sọ́fítíwíà fi ń wò bóyá òun lè wọ sáfà méjèèjì.

Ẹni tó ń lo Outlook tuntun ti Windows gbọ́dọ̀ mọ ohun kan sí i. Nígbà tí wọ́n bá fi Gmail tàbí Yahoo sínú rẹ̀, ó máa ń da ẹ̀dà lẹ́tà sórí sáfà Microsoft kó tó gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń tọrọ àṣẹ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ka ìwé àṣẹ náà, kí wọ́n pinnu bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ̀dà lẹ́tà oníbàárà wà níbi méjì.

Ìdánwò àti àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Bọ́tìnì ìdánwò nìkan kò tó. Oníṣòwò gbọ́dọ̀ fi ínfọ́ìsì àwòṣe kan ránṣẹ́ sí ímeèlì tó wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, bíi láti Gmail sí Yahoo, kó lọ wò ó níbẹ̀, kó sì dáhùn láti ibẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá èsì ń padà wọlé.

Tí ojú ẹ̀rọ bá sọ pé “authentication failed”, ohun tó sábà fà á ni pé páásíwọ́ọ̀dù gidi ni wọ́n tẹ̀ dípò ti áàpù. Tí ó bá sọ pé àsìkò ti kọjá tí sáfà kò sì dáhùn, kí wọ́n kọ́kọ́ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ 587 sí 465, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn tàbí sọ́fítíwíà agbógun-ti-fáírọ́ọ̀sì lè ti ẹnu ọ̀nà kan pa. Tí ó bá mẹ́nu ba “certificate”, kí wọ́n wo aago àti ọjọ́ kọ̀ǹpútà. Tí lẹ́tà bá jókòó sínú Outbox, ìyẹn àpótí lẹ́tà tó fẹ́ jáde, kò tíì sọnù: nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dúró dè, á sì jáde nígbà tí ó bá padà dé, tí wọn kò bá ti sọ́fítíwíà náà pa.

Ìdí tí ìwé fi ń bọ́ sínú sípáàmù

Àwọn sọ́fítíwíà kan tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní kí oníṣòwò kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ nìkan, wọn kò ní béèrè sáfà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi sáfà tiwọn gbé lẹ́tà jáde, wọ́n á sì kọ orúkọ oníṣòwò sí ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ímeèlì ara ẹni. Sáfà tó ń gba lẹ́tà máa ń yẹ nǹkan mẹ́ta wò. SPF ń sọ sáfà tó ní ẹ̀tọ́ láti gbé lẹ́tà jáde lórúkọ kan, DKIM jẹ́ òǹtẹ̀ àṣírí tó wà lára lẹ́tà, DMARC sì ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí lẹ́tà tí kò bá yege nínú méjèèjì.

Yahoo ti kéde láti oṣù kẹrin, 2014 pé kí gbogbo ayé kọ lẹ́tà tó bá ń jẹ́ orúkọ yahoo.com ṣùgbọ́n tí kò ti sáfà Yahoo jáde. Nítorí náà, ẹni tó ní ímeèlì Yahoo tó sì gbà kí sọ́fítíwíà fi sáfà mìíràn gbé e jáde lè máa rò pé oníbàárà kò fẹ́ sanwó, nígbà tó jẹ́ pé ínfọ́ìsì kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Láti oṣù kejì, 2024, Google àti Yahoo tún mú òfin le fún àwọn tó ń fi lẹ́tà púpọ̀ ránṣẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí lẹ́tà gba sáfà ilé iṣẹ́ tó ni àdírẹ́ẹ̀sì náà jáde, bí a ti ṣàlàyé rẹ̀ lókè. Tí sọ́fítíwíà kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó lo àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀, kí wọ́n sì fi ímeèlì ara ẹni sí ààyè tí wọ́n kọ Reply-To sí, kí èsì oníbàárà lè wá síbi tó yẹ.

Ààlà náà wà. Gmail ara ẹni kì í jẹ́ kí lẹ́tà ju 500 lọ jáde lóòjọ́, fáìlì tó bá sì so mọ́ lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ ju 25 MB lọ. Ilé ìwé tó fẹ́ fi ìwé owó sáà tuntun ránṣẹ́ sí òbí 700 gbọ́dọ̀ pín in sí ọjọ́ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Google lè dí ọ̀nà ìjáde títí di ọjọ́ kejì.

Akọ̀wé, káfé àti àwọn oníjìbìtì

Ímeèlì ara ẹni kì í ṣe ti iṣẹ́ nìkan. Ìwé báǹkì wà níbẹ̀, lẹ́tà ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wà níbẹ̀, kóòdù tí wọ́n fi ń yí páásíwọ́ọ̀dù ìkànnì mìíràn padà náà ń gba ibẹ̀ wọlé. Tí akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù bá lè ṣí àpótí náà nínú sọ́fítíwíà, gbogbo rẹ̀ ló ń rí. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà gbà kí wọ́n fi ìjáde nìkan sí i láìfi ìwọlé sí i: akọ̀wé á lè fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́, kò sì ní lè ka lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ìjáde nìkan ló tó. Ọjọ́ tí akọ̀wé bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni kí wọ́n wọ inú àkáǹtì Google, kí wọ́n lọ sí Security, kí wọ́n sì yọ àṣẹ tí wọ́n fún kọ̀ǹpútà tó ń lò.

Ó dára kí wọ́n tún lo ohun kan tí Gmail fún gbogbo ènìyàn: àmì +. Ẹni tí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Gmail lè fi +oja sí ẹ̀yìn orúkọ rẹ̀ kí @ tó dé, lẹ́tà náà á sì wọ àpótí kan náà. Tí ó bá fi irú àdírẹ́ẹ̀sì yìí sí Reply-To, ó lè ní kí Gmail máa ṣa gbogbo èsì oníbàárà sí apá kan, kí wọ́n má dàpọ̀ mọ́ lẹ́tà ilé.

Kò bójú mu kí wọ́n ṣe ètò yìí lórí kọ̀ǹpútà káfé tàbí ti ẹlòmíràn, nítorí kọ̀ǹpútà náà lè pa àṣẹ mọ́ lẹ́yìn tí ẹni tó ni ímeèlì bá ti lọ. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí wọ́n yọ àkáǹtì kúrò nínú sọ́fítíwíà kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n sì fi fóònù wò bóyá kọ̀ǹpútà náà ṣì wà lára àwọn ẹ̀rọ tó ń wọlé.

Àwọn oníjìbìtì kì í sábà jí owó láti inú ímeèlì tààrà. Wọ́n á wọ inú rẹ̀, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa ka lẹ́tà títí ínfọ́ìsì ńlá kan á fi fẹ́ jáde, wọ́n á wá pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì tó wà lórí rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 fi ìyà jẹ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àjọ EFCC sì ń gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ owó tó ti lọ ṣòro láti gbà padà. Kí oníṣòwò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ínfọ́ìsì pé nọ́ńbà báǹkì òun kì í yí padà nípasẹ̀ ímeèlì, àti pé oníbàárà tó bá rí nọ́ńbà tuntun gbọ́dọ̀ pe òun lórí fóònù kó tó sanwó. Kí wọ́n sì máa wo ibi tí Gmail kọ Forwarding sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ ni oníjìbìtì máa ń fi àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ pamọ́ sí kí ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà lè máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí iṣẹ́ ní ímeèlì tirẹ̀

Ímeèlì ara ẹni tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá ti ní òṣìṣẹ́ tó ju ẹnì kan lọ tó ń kọ̀wé sí oníbàárà, tàbí tí ó ń bá ilé ẹ̀kọ́ gíga, báǹkì àti ìjọba ṣòwò, ó yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀ lẹ́yìn @. Àjọ NiRA ló ń bójú tó gbogbo orúkọ tó parí sí .ng. Ẹnikẹ́ni lè ra .com.ng tàbí .ng lọ́wọ́ àwọn tí àjọ náà fún láṣẹ, owó ọdọọdún ni wọ́n sì ń san. Orúkọ yìí ti iṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ẹnì kan; tí ọ̀gá bá fẹ̀yìn tì tàbí tí ó gbé iṣẹ́ fún ọmọ, ìwé kò ní bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ òfin ìjọba náà tún wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹfà, 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó dáàbò bo dátà àwọn ènìyàn. Ẹni tó bá ń tọ́jú orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí àkọsílẹ̀ ìlera oníbàárà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí wọ́n wà àti ẹni tó lè rí wọn. Ilé oògùn àti ilé ìwé ló yẹ kó kọ́kọ́ fiyè sí èyí, nítorí nínú àpótí ímeèlì tí ẹbí ọ̀gá náà ń lò, kò rọrùn láti fi ẹ̀rí hàn pé kò sí ẹlòmíràn tó ń ka ìwé oníbàárà.

Nígbà tí wọ́n bá ń kó lọ sí àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ fi í sínú sọ́fítíwíà, kí wọ́n dán an wò bí wọ́n ṣe dán ti àkọ́kọ́ wò, kí wọ́n tó yọ ti tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n ní kí Gmail àtijọ́ máa darí lẹ́tà oníbàárà sí tuntun, kí wọ́n sì fi àdírẹ́ẹ̀sì tuntun ránṣẹ́ sí gbogbo oníbàárà, àjọ CAC àti báǹkì. Kí wọ́n má ṣe pa àkáǹtì àtijọ́ tì: Google lè pa àkáǹtì tí wọn kò lò fún ọdún méjì rẹ́, ìwé òwò tó wà nínú rẹ̀ á sì bá a lọ. Tí gbogbo oníbàárà bá ti mọ àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, kí wọ́n padà sínú àkáǹtì ara ẹni náà, kí wọ́n pa gbogbo páásíwọ́ọ̀dù áàpù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ rẹ́, kí wọ́n sì gba àṣẹ padà lọ́wọ́ gbogbo sọ́fítíwíà tí wọ́n ti fún.